Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Omi Ọṣẹ àti Wáyà Bàbà Rí Àbùkù Inú Kírísítálì

Àwòrán kírísítálì tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ máa ń mọ́ ju ti ayé lọ. Gbogbo átọ́mù, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ohun gbogbo ti wá, tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹyọ kan kò sọnù, àlejò kan kò yọjú láàárín wọn. Kò sí irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Bàbà inú wáyà ilé yín ní àbùkù, irin tí wọ́n fi ró òpó ilé ní, iyọ̀ tí ẹ bù sọ́bẹ̀ náà ní. Àwọn àbùkù yìí ló sì ń pinnu bóyá irin kan yóò tẹ̀ tàbí yóò kán, bóyá yóò rọ̀ tàbí yóò le. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há orúkọ wọn sórí láìfojú rí wọn kò tíì mọ̀ wọ́n, ó sì ń dùn mí pé bí a ṣe ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín níbí kò nílò yàrá ìwádìí. Ní 1947, Lawrence Bragg àti John Nye ní Yunifásítì Cambridge fi hàn pé bí a bá rọra fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ọṣẹ títí ìfófó kéékèèké, tí gbogbo wọn tóbi bákan náà, fi bo ojú omi, wọn yóò to ara wọn bí átọ́mù ṣe ń tò nínú bàbà. Ìfófó máa ń fa ara wọn mọ́ra lójú omi, síbẹ̀ wọn kì í wọnú ara wọn. Bí átọ́mù irin ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Bragg yìí ni òun àti bàbá rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 25, nítorí bí wọ́n ṣe fi ìtànṣán X mọ ètò átọ́mù inú kírísítálì. Ẹni tó mọ̀ nípa kírísítálì tó bẹ́ẹ̀ kò ka omi ọṣẹ sí eré ọmọdé.

Ohun tí ẹ máa wá

Ẹ wá abọ́ pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ìfófó kì í hàn dáadáa lórí ohun funfun. Ẹ lọ sí ilé ìtajà oògùn, kí ẹ ra rọ́bà dírípù kan, ìgò glycerine kékeré kan, àti abẹ́rẹ́ síríńjì tuntun tó tín-ín-rín. Èyí tí ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, tí wọ́n kọ 25G sí, ló dára jù. Ẹ ra aláwọ̀ ewé kan, 21G, mọ́ ọn, a máa lò ó níwájú. Bàlúùnù ọmọdé, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, sẹ́lótéèpù àti rúlà oníke méjì ló kù. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹja, ẹ lè fi rọ́pò bàlúùnù.

Omi kì í ṣe ohun tí ẹ lè fojú kéré. Omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ omi kànga àti bọ́ọ̀hólù, yóò bẹ́ ìfófó yín kí wọ́n tó tò. Omi òjò tó mọ́ tàbí omi inú ọ̀rá ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ha ẹnu abẹ́rẹ́ náà mọ́ sáńdípépà títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi tẹ́jú. Ìdí méjì ló wà fún èyí. Èkíní, kò ní gún ọmọ kankan mọ́. Èkejì, ẹnu tó tẹ́jú ló ń mú kí ìfófó jáde lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá ti ha á tán, ẹ fi síríńjì fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ rí i dájú pé ihò rẹ̀ kò dí.

Bí ẹ ṣe máa to ìfófó

Ẹ po ọṣẹ ṣíbí ìjẹun 2 àti glycerine ṣíbí 2 mọ́ omi lítà 1. Ẹ rọra rò ó, ẹ má jẹ́ kó hó. Glycerine ló ń mú kí ìfófó pẹ́ kó tó bẹ́. Ẹ da omi náà sínú abọ́ títí yóò fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 (bí kò bá tó, ẹ po òmíràn bákan náà kún un), kí ẹ sì fi etí bébà gbá èyíkéyìí tó bá ti hó kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ gé orí rọ́bà dírípù tó nípọn kúrò, kí ẹ fi ẹnu bàlúùnù tí ẹ ti fẹ́ bọ ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ sì so ó pinpin. Ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ ẹnu kejì. Ẹ yí tààyà kékeré tó wà lára rọ́bà náà láti dín atẹ́gùn kù títí ìfófó yóò fi máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsáré. Ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sábẹ́ omi, kó sì dúró sójú kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ mú un, ọwọ́ yóò gbọ̀n, ìfófó kan á tóbi, èkejì á kéré, ètò yóò sì dàrú. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí abọ́.

Àwọn ìfófó tó bá jáde yóò wà láàárín mílímítà 1 sí 3 ní ìbú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó bí ìlà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Àwọn tó bá gorí ara wọn, ẹ bẹ́ wọn. Ìpele kan ṣoṣo la fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ètò ti pé. Ẹyọ ìfófó kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 6, kò dín, kò lé. Òfin tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ nìyí: ibi tí ẹ bá ti ka aládùúgbò tí iye wọn kì í ṣe 6, àbùkù wà níbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti òkè, kí ẹ fà á tóbi, kí ẹ sì máa kà á lójú fóònù. Ó rọrùn ju kíkà lórí omi lọ, nítorí àwọn ìfófó kì í dúró dè yín.

Àbùkù ojú kan

Ẹ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbígbẹ, kí ẹ bẹ́ ẹyọ kan láàárín ibi tí ètò ti pé. Ihò yóò ṣẹ́kù síbẹ̀, ìfófó 6 á sì yí i ká. Àyè òfìfo nìyẹn, àbùkù tó rọrùn jù lọ. Nínú irin gidi, kò sí ẹni tó ń bẹ́ átọ́mù. Ooru ló ń ṣí wọn nídìí. Bí bàbà bá gbóná dé bèbè 1085 °C tó fi ń yọ́, nǹkan bí àyè 1 nínú 10,000 ló ń ṣófo. Bó bá tutù, wọ́n á ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ wọn kì í tán pátápátá. Ipasẹ̀ àwọn ihò yìí ni átọ́mù fi ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn nínú irin tó gbóná: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bọ́ sínú rẹ̀, ó sì fi ihò tuntun sílẹ̀ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé fẹ́ ẹyọ kan tó tóbi jù, kí ẹ sì jẹ́ kó darapọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Átọ́mù arọ́pò nìyẹn, àlejò tó gba àyè onílé. Ẹ wo bí àwọn ìlà tó yí i ká ṣe tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Idẹ tí wọ́n fi bàbà àti síǹkì ṣe, irú rẹ̀ ni: átọ́mù síǹkì fi díẹ̀ tóbi ju ti bàbà lọ, ó sì jókòó sí àyè bàbà. Títẹ̀ tí ìlà tẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí idẹ le ju bàbà lọ. Púpọ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, idẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà lásán. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tiwa ṣe àpẹẹrẹ bàbà pẹ̀lú átọ́mù arọ́pò àti bàbà tí kò ní in, àwọn ni kó tọ́ka sí.

Ìkẹta ni átọ́mù tó há sáàárín àwọn yòókù láìgba àyè ẹnikẹ́ni. Kábọ́nù nínú irin ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Mi ò gbà yín níyànjú pé kí ẹ wá a nínú abọ́ yìí, nítorí ìfófó tó kéré tó láti wọ àlàfo tó wà láàárín mẹ́ta kì í ti inú abẹ́rẹ́ wa jáde.

Ohun kan tún wà tí omi ọṣẹ kò lè fi hàn: átọ́mù inú iyọ̀ ní agbára iná lára, àwọn kan rere, àwọn kan òdì. Nítorí náà, bí sódíọ̀mù kan bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú iyọ̀, kílóráìdì kan gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀ kí agbára méjèèjì lè dọ́gba. Àbùkù Schottky nìyẹn. Nínú fàdákà bíròmáìdì, èyí tí wọ́n ń fi ṣe fíìmù kámẹ́rà láyé ọjọ́un, fàdákà tó kéré kì í jáde. Ó kàn ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lọ há sí àlàfo ẹ̀gbẹ́. Àbùkù Frenkel nìyẹn. Ìdánwò àṣekágbá fẹ́ràn láti béèrè ìyàtọ̀ wọn, ẹ sì lè fi ìbéèrè kan mọ̀ ọ́n: ṣé átọ́mù náà jáde kúrò nínú ètò, àbí ó ṣì wà nínú ilé? Bó bá jáde, ìwúwo kírísítálì á dínkù sí bó ṣe tóbi tó. Bó bá ṣì wà nínú ilé, ìwúwo kò yí padà.

Ìlà tó já lójú ọ̀nà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù lọ, nítorí àbùkù yìí ló ṣàlàyé bí irin ṣe ń tẹ̀.

Ní 1926, Yakov Frenkel ṣírò agbára tó yẹ kó gbà kí ìpele átọ́mù kan tó yọ̀ lórí èkejì, bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tó rí tóbi ju agbára tó ń tẹ bàbà rírọ̀ ní ti gidi lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, títí dé orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí ló fà á? Ní 1934, àwọn mẹ́ta tí kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, G. I. Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, dé ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún kan ṣoṣo: ìpele kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan wà tó já sáàárín kírísítálì, ibi tó já sí yẹn ló sì ń rìn. Òun ni wọ́n ń pè ní dislocation.

Báyìí ni ẹ ṣe máa rí i. Ẹ ki rúlà kan bọ omi ní apá ọ̀tún àwọn ìfófó, ìkejì ní apá òsì, kí ìfófó lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ ti rúlà ọ̀tún lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fa ti òsì sẹ́yìn. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìfófó yóò kọ́kọ́ fà láìyọ̀. Lójijì, nǹkan kan á sáré gba àárín wọn kọjá bí ìlà, apá kan á sì ti fi ìwọ̀n ìfófó kan ṣoṣo ṣí kúrò níbi tó wà. Ohun tó sáré yẹn gan-an ni dislocation. Ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ dín eré rẹ̀ kù nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ẹ óò rí i pé ìwọ̀nba ìfófó díẹ̀ ló ń já kúrò lára aládùúgbò rẹ̀ nígbà kan, lẹ́yìn náà díẹ̀ mìíràn. Agbára kékeré tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí èyí tó dúró sójú kan, ẹ tẹrí ba títí ojú yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele omi, kí ẹ máa wo ìlà ìfófó láti etí abọ́ kan sí èkejì. Ìlà tó já yóò hàn sí yín láti ibẹ̀ ju bó ṣe hàn láti òkè lọ. Ní orí ibi tó já sí, ẹ ka aládùúgbò: ìfófó kan yóò ní 5, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ní 7. Ìfófó 5 àti 7 tó wà pọ̀ báyìí ni àmì rẹ̀, kì í tàn yín jẹ.

Nínú irin gidi, ó di 1956 kí Peter Hirsch, Robert Horne àti Michael Whelan ní Cambridge tó fi ẹ̀rọ tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti mú nǹkan tóbi rí i bó ṣe ń rìn nínú aluminiọ́mù. Ọdún 22 ni àwọn onímọ̀ fi gba ohun tí ojú kò tíì rí pé ó ń rìn gbọ́, nítorí ìṣirò bá a mu.

Ààlà láàárín hóró

Ẹ fi ọ̀pá kékeré ru àwọn ìfófó náà pọ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọn kò ní tò sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Agbègbè kan á kọjú síbí, òmíràn á kọjú sọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n ti pàdé yóò sì rí gbágungbàgun. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ni hóró, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ààlà hóró. Ẹ ka aládùúgbò lójú ààlà náà, ẹ óò rí 5 àti 7 tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì máa gbọn abọ́ jẹ́jẹ́: hóró ńlá á máa gbé hóró kékeré mì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin tó pẹ́ nínú iná nìyẹn.

Dislocation tó bá ń bọ̀ nínú hóró kan kì í rọrùn fún un láti kọjá ààlà, nítorí ìlà inú hóró kejì kò bá tirẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí irin tí hóró rẹ̀ kéré fi ń le ju èyí tí hóró rẹ̀ tóbi lọ. E. O. Hall kọ ọ́ ní 1951, N. J. Petch tẹ̀ lé e ní 1953, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ń pe òfin náà.

Ẹ wá dán an wò lórí bàbà gidi

Ẹ gba wáyà iná ilé oníbàbà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.5. Ẹ bó rọ́bà ara rẹ̀ pátápátá, nítorí èéfín rọ́bà tó ń jó kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gé e sí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ má lo wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò. Èéfín síǹkì máa ń dá ibà síni lára.

Ẹ fi ẹ̀mú di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lórí iná gáàsì níbi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, títí yóò fi pọ́n bàìbàì jálẹ̀jálẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ẹ lè tì í bọ omi bó bá wù yín. Bàbà kò dà bí irin tó ní kábọ́nù, omi kì í mú un le. Ẹ fi wáyà kìíní sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi píláyà mú orí ìkejì àti ìkẹta, kí ẹ di ìdí wọn mú dáadáa, kí ẹ sì máa lọ́ wọn títí ẹ óò fi rí i pé ó ń le lọ́wọ́ yín. Ẹ wá dá ìkẹta padà sórí iná, kó tún pọ́n, kó sì tutù.

Ẹ tẹ wáyà kìíní mọ́ etí tábìlì, kí sẹ̀ǹtímítà 5 rẹ̀ yọ síta. Ẹ so ike omi òfìfo kọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa rọra da omi sí i títí wáyà yóò fi tẹ̀ tí kò ní padà bí ẹ bá gbé ike kúrò. Ẹ wọn omi náà: mílílítà 1 jẹ́ gíráàmù 1, ẹ sì fi ìwúwo ike kún un. Ẹ ṣe bákan náà fún èkejì àti ẹ̀kẹta, kí ẹ kọ iye wọn sílẹ̀.

Wáyà tí ẹ lọ́ yóò gba omi tó pọ̀ gan-an ju ti kìíní lọ kó tó tẹ̀. Ìkẹta yóò padà sí bí ti kìíní. Bàbà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò fi nǹkan kan kún un, ẹ kò sì yọ nǹkan kan. Iye àbùkù inú wọn ló yàtọ̀. Nínú bàbà tí iná ti sun rọ̀, bí ẹ bá gé ojú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dislocation ló ń gba ojú náà kọjá. Nínú èyí tí wọ́n lọ́ tàbí lù gan-an, wọ́n lè ju bílíọ̀nù 100 lọ. Wọ́n ti pọ̀ débi pé wọ́n ń dí ara wọn lọ́nà, kò sí èyí tó rọrùn fún láti rìn mọ́, wáyà á sì le. Iná ló fún átọ́mù lágbára láti tún ètò tò, hóró tuntun tí kò ní ìdíwọ́ púpọ̀ sì dìde láàárín àwọn ti àtijọ́.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu bàbà, tó ń dá a padà sínú iná kó má bàa là, tó tún ń lù ú, ohun tó ń ṣe nìyí gẹ́lẹ́. Wáyà dúdú tí àwọn tó ń di irin ilé fi ń so ọ̀pá irin pọ̀ náà, wọ́n ti sun ún rọ̀ nílé iṣẹ́ kó tó dé ọjà. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè lọ́. Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà léraléra, dislocation á pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ á le, á sì já.

Ibi tí ẹ ti lè fojú lásán rí hóró

Ẹ wo korobá tàbí páànù tí wọ́n fi síǹkì bò, pàápàá èyí tó ti pẹ́. Àwọn àmì dídán tó wà lójú rẹ̀, tí ọ̀kan ń kọ mànà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà á tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn, hóró síǹkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí korobá náà díẹ̀, ẹ óò rí i pé èyí tó ń dán ṣókùnkùn, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán, nítorí ọ̀nà tí átọ́mù inú wọn kọjú sí yàtọ̀. Páànù aluminiọ́mù àti síǹkì tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí ní hóró tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè rí i bí oòrùn bá bà á láti ẹ̀gbẹ́.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ tó ti pẹ́ tún dára. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ti jẹ ojú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó sì máa ń jẹ ààlà hóró àti hóró kọ̀ọ̀kan lọ́nà tó yàtọ̀ síra. Ẹ fi aṣọ nu un, kí ẹ gbé iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ láti itòsí. Bí ẹ bá rí ìlà méjì tó gún régé, tí wọ́n gba àárín hóró kan kọjá láìfẹ̀ láìsún mọ́ra, ẹ ti rí irú àbùkù mìíràn tí omi ọṣẹ kò fi hàn yín: ìbejì kírísítálì, níbi tí ètò átọ́mù ti yí padà bí ẹni tó ń wo dígí. Ó wọ́pọ̀ nínú bàbà àti idẹ tí wọ́n ti lù tí wọ́n sì ti fi iná sun.